Ẹnu Ta Ló Wà Nínú Fíìmù Yìí?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 1986

Màmá mi,

Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí bá yín, ẹ kú àárọ̀. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ti jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn? Abẹ́rẹ́, ọmọ mi, ńkọ́?

Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ gbígbá, Màmá. Wọ́n ti mú mi lọ sí ilé ìtọ́jú eyín tó wà lókè àtẹ̀gùn. Èmi ni mò ń ya àwòrán eyín báyìí, èmi náà ni mò ń fọ fíìmù ẹ̀. Ẹ má rò pé fọ́tò lásán ni o. Fíìmù ọ̀hún ò ju àtàǹpàkò méjì tá a tò pọ̀ lọ. Wọ́n fi bébà dúdú àti òjé pẹlẹbẹ wé e bí ẹni wé oògùn. Màá ní kí aláìsàn la ẹnu, màá tì í sẹ́yìn eyín tó ń dùn ún, màá ní kó fi ìka ara ẹ̀ dì í mú. Màá da aṣọ òjé bò ó láyà, màá sá sẹ́yìn ògiri, màá tẹ bọ́tìnnì. Ó tán. Lójú aláìsàn ló tán o. Iṣẹ́ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Màá gbé fíìmù wọ yàrá òkùnkùn. Yàrá náà ò fẹ̀ ju ibi tí ẹ ń kó aṣọ oníbàárà sí lọ. Màá ti ilẹ̀kùn látinú, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ́ wọlé bó ti wù kó kéré tó, fíìmù ti bàjẹ́ nìyẹn. Iná pupa kékeré kan ló wà níbẹ̀, òun nìkan ni kì í ba fíìmù jẹ́. Abẹ́ ẹ̀ ni màá ti bọ́ bébà yẹn kúrò, màá fi fíìmù kọ́ ìkọ́ onírin, màá rì í bọ omi àkọ́kọ́, èyí tó ń mú àwòrán jáde. Màá ka ìṣẹ́jú. Màá ṣàn án, màá rì í bọ omi kejì, èyí tó ń di àwòrán náà mú kó má sá lọ. Lẹ́yìn náà màá sá a sórí okùn bí aṣọ ọmọ tuntun.

Bàbá àgbà kan ló ń kọ́ mi. Gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é ní Ọ̀gá Òkùnkùn. Ó ní ọwọ́ mi rọ̀, fíìmù kì í bá mi jà. Mo ní ọmọ aránṣọ ni mí.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Inú yàrá yẹn ni mo ti ń sunkún mi, torí kò sẹ́ni tó ń rí mi níbẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ọmọ mi sílẹ̀. Nínú lẹ́tà yín tó kọjá, ìlà mẹ́rin péré lẹ kọ nípa ẹ̀, ẹ wá kọ ojú ìwé kan àbọ̀ nípa òrùlé tó ń jò. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé eyín ẹ̀ ti ń mì? Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó yẹ kó ti máa mì. Èyí tí igun ẹ̀ kán nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ máa lọ, ṣé ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé ohun tá a jọ sọ. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin bá dé, tó ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ sinmi lọ́dọ̀ òun, ẹ má gbà. Láti ọjọ́ tí àbúrò ẹ̀ ti já wa sílẹ̀, wọn ò bi wá rí pé ọmọ jẹun. Kí ni wọ́n wá ń wá báyìí?

Èmi ni,
Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Òrùlé ṣì ń jò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, inú mi dùn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un wọ̀. Yàrá tó ṣókùnkùn. Iná pupa. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì látinú. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ọ̀gá Òkùnkùn, tó ń sọ fún ọ pé ọwọ́ rẹ rọ̀. Iṣẹ́ wo nìyẹn?

Mo ti ń dàgbà, mi ò tíì gọ̀. Ṣé bàbá yẹn níyàwó? Ẹni mélòó ló ń wà nínú yàrá náà lẹ́ẹ̀kan? Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni, ta lò ń tilẹ̀kùn mọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì ni, mi ò ní béèrè mọ́, mo ti gbọ́ èsì. Ilẹ̀ tó o ń gbá tẹ́lẹ̀ yé mi. Kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ iná pupa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a.

Abẹ́rẹ́ wà. Ó ń jẹun jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú bàtà wá. A ò jà. A jókòó, a sọ̀rọ̀, ó lọ.

Nǹkan kan tún ni. Eyín ń dun Abẹ́rẹ́. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ya irú àwòrán tó o ń sọ yẹn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó o fún mi. Òun ni mo fi páálí méjì há yìí. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, wò ó, kó o kọ ohun tó o bá rí sí mi. Má bi ẹnikẹ́ni o. Fojú ara rẹ wò ó.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Ọ̀gá Òkùnkùn níyàwó. Ìyàwó náà ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, a máa ń bá wọn ṣeré pé ó ń ṣọ́ ọkọ ẹ̀ ni. Bí mo bá wà nínú yàrá, ìta ni bàbá ń dúró. Mò ń tilẹ̀kùn kí ẹni tí kò mọ̀ má baà ṣí i wọlé ni. Ká ní ibi tí lẹ́tà yín parí sí nìyẹn, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Mo gbé fíìmù yẹn síwájú àpótí iná. Mo fọwọ́ wá kókó róbótó tó máa ń wà ní igun fíìmù, mo kọjú ẹ̀ sí ara mi kí n má baà fi ọ̀tún pe òsì. Mo wò ó. Mo tún un wò.

Màmá, ẹnu ọmọdé kì í rí báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ìlà eyín méjì ló ní: èyí tá à ń rí, àti èyí tó lúgọ sínú egungun nísàlẹ̀, tó ń retí pé kí tòkè yẹra. Nínú fíìmù, kedere ni wọ́n máa ń hàn, bí ẹni tó tò sẹ́nu ọ̀nà. Nínú fíìmù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń retí ẹnì kankan. Eyín ẹ̀yìn àgbàlagbà ni. Gbòǹgbò ẹ̀ gùn, orí ẹ̀ ti jẹ bí àtẹ̀gùn ilé àtijọ́. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, egungun ti dí ojú ẹ̀. Ẹ ní n má bi ẹnikẹ́ni. Mo bi. Mo gbé e fún Ọ̀gá Òkùnkùn láìsọ nǹkan kan. Ó ní, "Ìyá àgbà wo rèé?"

Ẹnu ta nìyí?

Mo kọ́kọ́ ní wọ́n ṣì í fún yín ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, bí wọ́n bá fi fíìmù èèyàn méjì kọ́ ìkọ́ kan láìkọ nọ́ńbà. Ìgbà tó yá ni mo tún lẹ́tà yín kà. Gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ ti ń kọ látẹ̀yìnwá, Abẹ́rẹ́ máa ń ya nǹkan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹyẹ tí ò níyẹ̀ẹ́. Eléyìí ò ní. Ẹ ò sì sọ eyín tó ń dùn ún. Obìnrin yẹn mú bàtà wá, ẹ ní ẹ ò jà. Ẹ̀yin àti obìnrin yẹn! Ìgbà wo lẹ jókòó tí ẹ ò jà rí?

Mi ò mọ bí mo ṣe máa béèrè é kó má dà bí àfojúdi. Ṣé ọmọ mi wà lọ́dọ̀ yín? Àbí ó ti wọ bàtà yẹn lọ?

Ẹ tètè fèsì.

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin

Màmá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mi ò rí ẹyọ ìlà kan.

Mo tẹ tẹlifóònù sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó wà níwájú ilé yín. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Lánàá mo ṣílẹ̀kùn yàrá òkùnkùn kí n tó gbé fíìmù sínú omi kejì. Mẹ́fà ló bàjẹ́, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó di dandan ká tún pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, ọ̀kan nínú wọn bàbá arúgbó tó ti gun àtẹ̀gùn wa nígbà kan tí èémí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ pin. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ṣé orí mi wà lọ́rùn mi. Lóòótọ́, orí mi ò sí níbẹ̀.

Bí lẹ́tà yín ò bá dé kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, màá fiṣẹ́ sílẹ̀, màá máa bọ̀. Bí mo bá lọ, wọn ò ní gbà mí padà, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí tó ku oṣù mẹ́ta kó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ti lọ nìyẹn. Mo mọ̀.

Mi ò fẹ́ àlàyé. Ẹ jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nǹkan.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ.

Ó dáa, mo kí ọ. Àmọ́ mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà rẹ fi wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mi ò fèsì, torí ká ní mo fèsì lọ́jọ́ tí mo kà á, ohun tí mi ò ní lè tú bí òwú ni ǹ bá kọ. Èmi! Èmi tí mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí ìwọ tó rí ojú rẹ̀, èmi ni màá kó o fún àwọn tí ò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀?

Ẹnu mi ni. Eyín mi ni. Kò sí eyín tó ń dun Abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ iṣẹ́ tó o ní ò ń ṣe ni. Mo ní bó bá jẹ́ irọ́ ni, wàá wo ẹnu ìyá rẹ, wàá kọ̀wé sí mi pé eyín ọmọ rẹ dára, kí n fún un lóògùn. Ìdí tí mo fi ní kó o má bi ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ó dáa, o mọ̀ ọ́n. Mo gbà. Bàbá Ọ̀gá Òkùnkùn náà mọ̀ ọ́n. Kí ló wá ń pè mí ní ìyá àgbà fún? Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta!

Ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, a ò jà torí pé mi ò jẹ́ kó wọlé. Ìta la jókòó sí. Bàtà náà kò gba ẹsẹ̀ ọmọ, mo dá a padà fún un. Ẹni tí ò mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe tó, ṣé irú wọn ló ń tọ́mọ?

Abẹ́rẹ́ ò ya nǹkan sí lẹ́tà yẹn torí mo fi í pa mọ́ fún un ni. Ká ní ó rí i pé mo kọ ọ́ pé eyín ń dun òun, á pariwo dé ìta pé irọ́ ni. O mọ̀ ọ́n. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ó ní òun fẹ́ kọ̀wé. Mo fún un ní bírò.

Ìyá rẹ

*Màmá mi eyín mi kò dùn mí. Ó ń mì ni. Màmá àgbà ní kí n má fi ahọ́n tì í. Mò ń fi ahọ́n tì í. Èmi ni Abẹ́rẹ́.*


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Ẹ forí jì mí. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dé, mo ti di ẹrù mi tán. Mo ka ìlà Abẹ́rẹ́ títí bírò ẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ pa rẹ́. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́kọ́ purọ́ o, ẹ jẹ́ ká jọ pín in.

Àmọ́ ìbínú ò kàn wá báyìí. Ìgbà tí mò ń wá ọmọ mi nínú fíìmù yẹn, mi ò wo nǹkan míì. Ẹ̀yin ni mo wá wò báyìí. Lábẹ́ gbòǹgbò eyín yẹn, nǹkan dúdú kan wà, ó rí bí òṣùpá tí wọ́n gé ní ìdajì.

Ọ̀nà méjì ló lè gbà débẹ̀. Bí ẹni tó fọ fíìmù bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, irú òṣùpá dúdú bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi sílẹ̀. Èmi náà ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí kì í bá ṣe èékánná, á jẹ́ pé inú egungun yín ló wà, ọyún ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́ eyín. Ọ̀gá Òkùnkùn ní òun ò lè fi fíìmù kan ṣoṣo búra. Ẹ padà lọ, kí wọ́n ya òmíràn. Bí dúdú yẹn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, èékánná ni, ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ṣì wà lábẹ́ gbòǹgbò kan náà, ara fíìmù kọ́ ló wà, ara yín ni.

Nǹkan kan sì ń yọ mí lẹ́nu. Oníṣègùn kì í ya ẹnu ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ ní ẹ̀ ń dán mi wò. Ṣé ìdánwò nìkan lẹ bá débẹ̀? Kí ló ń dùn yín, láti ìgbà wo?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti rí ọgbọ́n rẹ. Mo dán ọ wò, ìwọ náà fẹ́ fi ìdẹ́rùbani san án fún mi. Bí ẹ̀rù bá bà mí tán, wàá ní kí n jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, torí ìyá àgbà ń ṣàìsàn. Mi ò bọ́ sí i.

Kò sí ohun tó ń dùn mí. Apá ọ̀tún ni mo kàn fi ń jẹun.

Ìyá rẹ

*Màmá àgbà ń fi aṣọ gbígbóná mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lójoojúmọ́ ni. Mo ti ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn síbí. Èyí tó tóbi ni apá òsì.*


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Mo rí àwòrán tí Abẹ́rẹ́ yà. Òun náà ti di ẹni tó ń ya àwòrán eyín, kò sì lo fíìmù.

Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ lọ, kẹ́ ẹ bẹ ẹni tó ń fọ fíìmù níbẹ̀ kó jẹ́ kẹ́ ẹ bá òun wọ yàrá òkùnkùn. Ẹ fojú ara yín wò ó. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ. Ṣé o jẹun?

A lọ. Abẹ́rẹ́ ló gbé báàgì mi. Omidan kan ló ń ya àwòrán níbẹ̀, èékánná rẹ̀ gùn bí ṣíbí. Kí n tó la ẹnu fún un, mo yọ àlùmọ́gàjí láti inú báàgì, mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gé e." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gé e. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi gé ti ìka kẹwàá, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èékánná parọ́ mọ́ mi.

Lẹ́yìn tó yà á tán, mo ní mo fẹ́ bá a wọlé. Ó ní aláìsàn kì í wọbẹ̀. Mo ní ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ yìí níbòmíì, mo fẹ́ mọ ibi tó ń dúró sí. Ó wò mí. Ó ní kí n máa bọ̀.

Ó tilẹ̀kùn. Iná pupa. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Ó ní, "Mà, bí mo bá ṣí i, ẹnu yín á pa rẹ́." Mo ní kó má ṣí i mọ́. Ó rì í bọ omi. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó funfun bí aṣọ tí wọn ò tíì gé. Ìgbà tó ṣe, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀: orí eyín, lẹ́yìn náà gbòǹgbò. Mo ti ń ranṣọ láti ogún ọdún ó lé, mi ò rí i rí kí aṣọ ran ara rẹ̀ báyẹn.

Nígbà tó gbé e sí ojú iná funfun, mo fi tòun ti èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ wéra. Wọ́n ti tẹ méjì nígbà náà, ìwọ ni mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí. Òṣùpá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Abẹ́ gbòǹgbò kan náà.

Omidan yẹn ní òun ní fíìmù ẹlòmíì láti fọ̀. Ó tún tilẹ̀kùn, ó pa iná funfun. Mo dúró sí igun kan. Mo sunkún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi. Ohun tó o kọ sí mi ní oṣù Kejì wá yé mi.

Wọ́n ti yọ ọ́. Oníṣègùn ní ọyún tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà lọ sínú egungun àgbọ̀n, pé bí mo bá fi dé ìparí ọdún ni, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni ì bá dà. Ọdún kan ló ti ń dùn mí. Mi ò sọ fún ọ torí bí mo bá sọ ọ́, wàá máa bọ̀, iṣẹ́ rẹ á lọ. Ìdánwò ni mo fi bò ó. Mo fẹ́ kó o wò ó, mi ò fẹ́ kó o mọ̀ pé èmi ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ti Abẹ́rẹ́ tó ń mì náà yọ. Ó ní irin ni wọ́n fi yọ tèmi, ahọ́n lòun fi yọ tòun. Kò sí ẹni tó ń gbádùn ní ilé yìí mọ́, ìtàn yẹn ló ń sọ fún gbogbo oníbàárà.

Mo wé eyín méjèèjì sínú aṣọ kékeré yìí, mo rán ẹnu rẹ̀. Mi ò kọ orúkọ sí ìkankan. O ní o mọ ẹnu àgbà yàtọ̀ sí tọmọdé. Èyí tí igun rẹ̀ kán, má fi han Ọ̀gá Òkùnkùn o, fi í pa mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ nìkan. Èkejì, kó wò ó dáadáa, kó sọ fún mi bóyá ti ìyá àgbà ni.

Ìgbà tó o bá tún wọ yàrá yẹn, ti ilẹ̀kùn rẹ dáadáa.

Ìyá rẹ